Irun Adéníkẹ́ Nínú Ìlù Búlúù

Ẹni tó bá ní ikú kì í na ènìyàn kó tó pa á, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wẹ òkú Samuel. Nígbà tí wọ́n dojú ọkùnrin náà bolẹ̀ lórí pátákó, nínú ilé rẹ̀ ní àdúgbò Ali Kazaure ní Jos, garawa omi bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e. Ẹ̀yìn òkú kún fún àpá róbótó-róbótó, dúdú, wíwú, bí ìgbà tí ènìyàn fi ìdí agolo mílíìkì tẹ ìyẹ̀fun pípò. Ìhà rẹ̀ mẹ́ta ti kán. Bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló sùn nínú yàrá, láti inú ló sì ti ti ilẹ̀kùn.

Adéníkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìdí rẹ̀ gba gbogbo àyè tí atẹ́gùn ì bá gbà wọlé. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni, ìyá àgbà tí eékún rẹ̀ máa ń ké ju ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ lọ. Ẹ̀rù kì í tètè bà á. Ó ti sin ọkọ méjì, ó sì máa ń sọ pé ọ̀kan nínú wọn pẹ́ jù kó tó kú. Ṣùgbọ́n bó ti rí àpá wọ̀nyẹn, ìtọ̀ gbígbóná yọ díẹ̀ sí i lábẹ́ ìró. Ó fún itan pọ̀.

"Arúgbó ẹlẹ́tọ̀," ló sọ fún ara rẹ̀, "mú ara dúró, kò tí ì kàn ọ́."

Irọ́ ni. Òun ló kàn.

Ọjọ́ méjì ṣáájú, Samuel ti dì í lọ́wọ́ mú lórí ibùsùn, tí ẹ̀jẹ̀ ń sun ní ihò imú rẹ̀. "Adéníkẹ́, o rántí ọjọ́ tí Dàmọ́lá gé irun wa?"

Ó rántí. Lọ́dún 1979 ni, nígbà tí ẹgbẹ́ olórin wọn ń ṣeré ní kílọ́ọ̀bù àwọn awakùsà ní Bukuru, tí àwọn ẹgbẹ́ olórin ń jí òṣèré ara wọn bí ẹni ń jí adìyẹ. Samuel ló ń ta gìtá, Isaiah àti Adédìran ń fọn fèrè, Adéníkẹ́, obìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn, ló jókòó sídìí dùrọ́ọ̀mù òyìnbó aláwọ̀ búlúù. Dàmọ́lá ọ̀gá wọn gé irun àtàrí àti èékánná àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó rán an sínú awọ, ó kàn án mọ́ inú ìlù ńlá, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ lù, kí ẹnikẹ́ni má bàa lè fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín, wọ́n mu ọtí lé e. Olúsọjí akọrin nìkan ni kò fi irun sílẹ̀. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fá orí ni.

"Láti ìgbà tí Dàmọ́lá ti kú, ọwọ́ Olúsọjí ni ìlù yẹn wà," Samuel mí gúlegúle. "Ó ń pe orúkọ wa sí i, ó ń lù ú. Ó lu Isaiah pa. Ó lu Adédìran pa. Wá ìlù náà rí, yọ irun rẹ. Ẹni tí irun rẹ̀ wà níbẹ̀ nìkan ló lè ṣí i kí ọwọ́ rẹ̀ má rà..."

*

Olúsọjí wọ aṣọ funfun lọ síbi ìsìnkú Samuel, ó sì sunkún ju opó lọ. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni, ṣùgbọ́n ewú kan kò sí lórí rẹ̀. Eyín rẹ̀ pé, ilé ọtí rẹ̀ ń kún lójoojúmọ́, ohùn rẹ̀ sì ń dún bíi ti ọmọ ogún ọdún. Nígbà tó délé, ó bọ́ bàtà, ó wọ yàrá ẹ̀yìn kó lọ lu ẹni tó kù.

Yàrá ṣófo.

"Mo ti kó o fún àwọn oní-gwanjo tó ń ta ọjà àlòkù," Súmbọ̀ ìyàwó rẹ̀ sọ láti ẹnu ọ̀nà. "Gbogbo òwúrọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń sun lábẹ́ rẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí láti máa nù ún."

Olúsọjí gbá a lẹ́nu. Eyín iwájú méjì fò jáde, wọ́n dún lórí sìmẹ́ńtì bí àgbàdo gbígbẹ. Ó di orí rẹ̀ mú, ó fi gbá ògiri lẹ́ẹ̀mejì, Súmbọ̀ sì fi ẹnu ẹlẹ́jẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i.

"Ọjà Laranto ni wọ́n kó o lọ. Lọ wá a láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀."

Obìnrin náà sá jáde pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo lára, kò sì padà mọ́.

Abdulsobur, ẹni tó ń bá Olúsọjí ṣe oògùn náà, kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò lára wàláà tó ń kọ nígbà tí Olúsọjí já wọlé.

"Ìlù búlúù mẹ́ta ló wà ní Laranto báyìí," ni Abdulsobur wí. "Àwọn kílọ́ọ̀bù àtijọ́ ń ta ẹrù wọn. Ọ̀kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Èwo ni tiyín?"

"Ṣé mo mọ̀ ni? Ìwọ lo ní kí n máa fi aṣọ òkú bò ó kí ojú mi má bàa fọ́."

"Nígbà tí ẹ ṣì ń kọrin ńkọ́?"

"Akọrin kì í kọjú sí onílù. Ẹ̀yìn ni mo kọ sí wọn fún ọdún mẹ́wàá."

Abdulsobur fọ wàláà náà, ó da omi dúdú rẹ̀ sínú ife. "Ẹ gbọ́, Alàgbà. Bí ẹ bá pe orúkọ sí ìlù tí kò mọ orúkọ náà, ìlù á wá ẹni tó máa jẹ, ẹ̀yin nìkan lẹ ó sì wà níbẹ̀. Obìnrin yẹn mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kó bá yín ṣà á. Èyí tó bá dì mọ́ra tó sì sunkún, òun ni."

Olúsọjí gbé omi náà mì. Ó korò bí òróòro. "Tí mo bá wá jẹ ẹni tó kù yìí tán?"

"Ọgbọ̀n ọdún sí i."

*

Ọyẹ́ ti bo Laranto lọ́jọ́ kejì, eruku pákó ń fò láti ọ̀dọ̀ àwọn káfíńtà, ó sì mú kí gbogbo ọjà máa sín. Amirah, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Jos, ló ni ṣọ́ọ̀bù gwanjo náà, ibẹ̀ ni Súmbọ̀ júwe fún Adéníkẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tó sá jáde.

"Sannu, Mama! Ẹ wọlé. Kí lẹ̀ ń wá? Fíríìjì? Máṣíìnì ìránṣọ?"

"Dùrọ́ọ̀mù òyìnbó ni, ọmọ mi."

Amirah wo eékún rẹ̀, ó wo ìdí rẹ̀. "Haba, Mama! Ta ló fẹ́ jókòó lù ú?"

"Ìdí tí o ń wò yìí, orí àga onílù ló ti dàgbà. Má fojú kéré ẹ̀."

Amirah rẹ́rìn-ín, ó ká tapólì. Mẹ́ta ni wọ́n lóòótọ́, wọ́n ń dán nínú òkùnkùn ṣọ́ọ̀bù bí ẹja tútù. Adéníkẹ́ kúnlẹ̀, ó kígbe "Yéè, eékún mi!", ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan ara wọn bí ẹni ń ra àgbọn.

Àkọ́kọ́ dún pàkà-pàkà, ohùn pákó tuntun. Ó tú irin kan lára rẹ̀. Àwọ̀ tó wà lábẹ́ irin kò yàtọ̀ sí ti ìta. Oòrùn kò jẹ ẹ́ rí. "Àdàmọ̀dì nìyí. Àná òde yìí ni wọ́n lẹ ike búlúù mọ́ ọn."

Èkejì jẹ́ ti àtijọ́. Lábẹ́ irin, búlúù náà dúdú bí aró, nígbà tí ìta ti ṣá di àwọ̀ ewé. Inú rẹ̀ ń rùn ìtọ̀ eku àti àtè àtijọ́. Ọwọ́ ọ̀tún onílù kan ti jẹ etí ìlù kékeré títí tó fi yọ gọ́ńgọ́.

Ó wá na ọwọ́ sí ẹ̀kẹta. Kó tó kàn án, ìka ọmọdinrin òsì rẹ̀ ti tutù nini. Ó fi èékánná wá ihò tí wọ́n máa ń ti irin aro, àwo idẹ onílù, bọ̀ lápá ọ̀tún ìlù ńlá. Ìda ló dí i, kọ́bọ̀ kan sì wà nínú ìda náà. Ihò mìíràn wà lápá òsì, gánnagàna, bí iṣẹ́ káfíńtà ọ̀mùtí. Nítorí tirẹ̀ ni Dàmọ́lá ṣe lu ihò yẹn. Ọlọ́wọ́ òsì ni Adéníkẹ́. Ìyá rẹ̀ ti fi pàṣán lé ọwọ́ òsì kúrò nínú àwo ọbẹ̀, tíṣà ti fi okùn so ó mọ́ àga, títí ó fi di pé ọ̀tún ló fi ń jẹun, tó fi ń kọ̀wé, tó fi ń gba owó. Ìdí ìlù nìkan ni ẹnikẹ́ni kò ti nà án, ibẹ̀ ni òsì ti ń jọba.

Ohun kan mí láti inú ìlù náà sí i lọ́rùn ọwọ́, ó gbóná bí èémí ẹran.

Ó gbójú sókè. Níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, Olúsọjí dúró pẹ̀lú àwọn géńdé méjì, kò fara pamọ́ rárá. Ojú rẹ̀ wà lára ọwọ́ Adéníkẹ́ bí ojú ológbò lára eku.

Adéníkẹ́ yára rò ó. Ọdún mẹ́wàá ni ọkùnrin yìí fi bá a jẹun nínú àwo kan náà, ọwọ́ ọ̀tún ló rí. Lórí pèpéle, ẹ̀yìn ló kọ sí i. Kò mọ̀!

Ó yọ́ sọ fún Amirah, láìmi ètè, "Bo ẹ̀kẹta yìí. Mò ń padà bọ̀ wá rà á. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni lù ú."

"Toh, Mama. Wallahi, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án."

Ni Adéníkẹ́ bá ju ara rẹ̀ lé èkejì. "Òun nìyí! Ẹ wo ibi tí ọwọ́ ọ̀tún mi jẹ lára ẹ̀! Áà, ọkọ mi àárọ̀!" Ó sunkún, ikun rẹ̀ bo ìlù. Kò ṣòro, Samuel ló ń rò.

Òjìji bò ó. Olúsọjí ti wọlé. "O ṣeun, Adéníkẹ́. Gbé e lọ sílé, kí o nu eruku ẹ̀. Èrò pọ̀ níbí. Àwọn géńdé yìí á máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ, wọ́n á sì gbọ́ bí o bá ya awọ ẹ̀. Ọ̀la ni mo máa wá lù ú níṣojú rẹ. Àwọn yòókù kú láìrí mi, ó sì dùn mí."

Ó ha ọ̀fun, ó tutọ́ sí i lójú. Itọ́ náà ṣàn wálẹ̀ sórí ìborùn rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Sọjí," ni Adéníkẹ́ wí, "láti Bukuru títí di òní, ẹ ò tí ì mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ẹnu."

*

"Má fọ ìborùn yẹn!"

Fọlákẹ́mi ló ké bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, aládùúgbò Adéníkẹ́ ní Hwolshe, ẹni tó máa ń fi orúkọ ọmọ pè é. Olórí ẹgbẹ́ obìnrin ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù oògùn òyìnbó rẹ̀, ó tọ́jú ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.

"Màmá Táyọ̀, ọkùnrin yẹn fẹnu ara ẹ̀ gbé e wá! Ẹnu ni yóò pa akọrin."

Ó fi àlùmọ́gàjí gé ibi tí itọ́ ti gbẹ. Ó bu ìyẹ̀fun dúdú kan tí kò dárúkọ. Ó gbá àkùkọ mú, ó fa ọrùn rẹ̀ já lẹ́ẹ̀kan. Ara tó ṣẹ́kù fò káàkiri ilé ìdáná, ó ń fi ẹ̀jẹ̀ ya àwòrán sára ògiri. Fọlákẹ́mi po aṣọ, ìyẹ̀fun àti ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀, ó tì í gba ihò afẹ́fẹ́ wọ inú ìlù tí Adéníkẹ́ rà, ó sì fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ mẹ́rìnlá sẹ́yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé abẹ yẹn mọ́?"

"Mo ti sè é. Dákẹ́ kí n ríbi sín, ọ̀rá ẹ pọ̀ jù."

"Owó ni mo fi rà á."

Fọlákẹ́mi kò rẹ́rìn-ín. "Gbọ́. Lílù keje ni mo fi iṣẹ́ sí. Tó bá ń lù ú, kí o máa kú. Kí o kú dáadáa. Tó bá fura kó tó di ekeje tó sì dìde, ó máa padà sí Laranto, a jẹ́ pé ó tán fún ọ nìyẹn."

*

Ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejì ni wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn wọlé. Géńdé kan ti Fọlákẹ́mi lu fèrèsé, gíláàsì gé e léjìká. Èkejì fi ìdí àdá gbá Adéníkẹ́ lágbárí, ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Olúsọjí fa ìlù ńlá sáàárín yàrá, ó jókòó tì í, ó yọ ọmọ odó dúdú kan lábẹ́ agbádá.

"Òjò kì í rọ̀ kí ilẹ̀ ó kọ̀ ọ́. Òòlù kì í sọ̀ kalẹ̀ kí irin ó sá. Adéníkẹ́, mo lù ọ́, má sá!"

Gbì!

Adéníkẹ́ kò gbọ́ ohun kan lára. Ó ké bí ẹni tí wọ́n fi omi gbígbóná bù. Ní ẹ̀ẹ̀kejì ó ta kìjí, ó fi ìbàdí gbá àpótí, ìyẹn sì dùn ún ní tòótọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta àti ẹ̀ẹ̀kẹrin ó yí gbiri, ó yí lu géńdé náà lẹ́sẹ̀, ó ń rò ó pé òun kò tún ní bú àwọn òṣèré orí tẹlifíṣọ̀n mọ́ láyé.

Gbì! Ẹ̀ẹ̀karùn-ún.

Adéníkẹ́ ń mí lọ́wọ́. Ó gbàgbé láti ké.

Olúsọjí dá ọwọ́ dúró. "Kí ló dé tó fi dákẹ́?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. "Wò ó, yí i padà kí n wo ẹ̀yìn ẹ̀."

Géńdé náà bẹ̀rẹ̀. Adéníkẹ́ pa ojú dé, ó fi gbogbo eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ gé ahọ́n ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde, ó fọ́n ọn sí géńdé náà lójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó lọ́fun. Géńdé fò sẹ́yìn, ó ń nu ojú. Ẹ̀yìn tó yí hàn kún fún ojú gbẹ́rẹ́ dúdú tó ti wú, tó jọ àpá ìlù lójú Olúsọjí.

Olúsọjí rẹ́rìn-ín, ó tún jókòó. "Ìyẹn ló dára."

Gbì! Gbì!

Ọ̀ràn wá yí. Lílù keje kò dún lára ìlù. Àyà Olúsọjí ló ti dún. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó fẹ́ ju ọmọ odó nù, ọwọ́ kò tú. Ọwọ́ tún gbéra fúnra rẹ̀, ó tún sọ̀ kalẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ kan fọ́ bí igi ìdáná. Ó ń lù, ìlù ń lù ú. Irun rẹ̀ funfun láti iwájú lọ sẹ́yìn bí ẹni da ẹlùbọ́ lé e lórí. Eyín ń já bọ́ sórí awọ ìlù, wọ́n ń jó níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá tún lù ú. Ohùn ọmọ ogún ọdún yẹn jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gùn, ó dùn, ẹ̀jẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọwọ́ dákẹ́, arúgbó kan tó gbẹ bí ẹja ló kú sórí ìlù. Àwọn géńdé ti gba ojú fèrèsé lọ.

Fọlákẹ́mi fa gíláàsì yọ léjìká. "Màmá Táyọ̀, o mọ eré ṣe o."

Adéníkẹ́ fẹ́ fi ahọ́n gígé dáhùn, ó sì fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Gbì!

Ohun kan gbá a lẹ́yìn. Ó dojú bolẹ̀. Fọlákẹ́mi ká bùbá rẹ̀ sókè: àpá róbótó kan ti ń wú, dúdú, bí ìdí agolo mílíìkì.

Wọ́n wo òkú. Òkú kò mira.

"Ta ló wá ń lù ú?" Fọlákẹ́mi sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Lójijì ojú rẹ̀ là. "Laranto! Ìlù tó ti jẹ mẹ́ta kò retí kí wọ́n pe orúkọ mọ́!"

*

Amirah kò gbé fóònù. Kẹ̀kẹ́ Maruwa kan ló gbé wọn, Fọlákẹ́mi ń ké mọ́ awakọ̀ ní èdè Hausa pé kó sáré. Ní gbogbo gọ́tà tí wọ́n bá ré kọjá, nǹkan ń gbá Adéníkẹ́: lẹ́jìká, ní kíndìnrín, lẹ́ẹ̀mẹta léraléra láàárín ẹ̀yìn. Ìhà kan kán. Ó gbọ́ bó ṣe dún kọ́. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ń wò ó nínú dígí, ó ń pe Ọlọ́run.

Amirah ti lọ kírun. Ọ̀dọ́kùnrin kan, Fẹ́rànmí, onílù ṣọ́ọ̀ṣì, ti ká tapólì fúnra rẹ̀, ó jókòó sídìí ẹ̀kẹta, ó sì ń dán ọjà wò bí gbogbo ẹni tó ń ra ìlù ti máa ń ṣe. Ó di ojú. Ó ń gbádùn ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbéra.

Ahọ́n gígé kò jẹ́ kí Adéníkẹ́ lè kígbe. Ó sáré, ìdí, ọ̀rá, egungun kíkán àti gbogbo rẹ̀, ó sì fò lé ọ̀dọ́kùnrin náà láyà. Àga fọ́. Ó já igi ìlù gbà, ó fi gbá a lórí, ó gbá a lẹ́nu, ó bu ọwọ́ tó fi ń dá ara rẹ̀ sílẹ̀ jẹ.

"Mama, mi ò jalè! Mo kàn ń dán an wò ni! Mama!"

"Jẹ́ kó máa nà ọ́ lọ, ọmọ mi," Fọlákẹ́mi dì í mú mọ́lẹ̀, ó ń mí hẹlẹ. "Ó máa tó tán."

Adéníkẹ́ fi ọ̀bẹ tí Amirah fi ń gé okùn ya awọ ìlù láti òkè délẹ̀. Òórùn òkú ọlọ́jọ́ mẹ́ta tú jáde. Ó ti apá bọ inú rẹ̀ dé èjìká. Ohun kan dì í lọ́wọ́ mú níbẹ̀, ọwọ́ àìrí, ó ń fà á wọlé. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tì í, ó fà, ó lanu, ó sì só fàà-à láìtijú. Awọ náà já pẹ̀lú ìṣó mẹ́rin.

Ó wà nínú rẹ̀. Ìdì irun mẹ́rin. Mẹ́ta ti di eérú. Ẹ̀kẹrin ṣì dúdú, ó ń dán bí irun ọmọge, èékánná ìka ọmọdinrin sì wà láàárín rẹ̀.

"Ká sun ún," Fọlákẹ́mi sọ.

Adéníkẹ́ mi orí. Eérú ni ẹni kan máa kó. Omi ni ẹni kan máa bù. Ilẹ̀ ni ẹni kan máa gbẹ́. Ó wo káàkiri, ó rí kunu nínú ike lórí tábìlì Amirah. Ó ju irun àti èékánná sẹ́nu, ó fi kunu lé e. Irun há a lọ́fun, ó fẹ́ bì, ó fi ìkúùkù lu ara rẹ̀ láyà títí ó fi lọ.

Amirah padà dé, ó bá ọ̀dọ́kùnrin tó ń sunkún, nọ́ọ̀sì ẹlẹ́jẹ̀, ìlù yíya, àti ìyá àgbà tó ń mu kunu rẹ̀.

"Kai! Mama! Kí lẹ ṣe sí ọjà mi?"

Adéníkẹ́ gbé ọwọ́ sókè kó dákẹ́. Ó tún jókòó sídìí ìlù, sórí garawa tó dojú dé. Ó mú igi sí ọwọ́ òsì. Fọlákẹ́mi bo ojú. Igi náà wà lókè pẹ́.

Ó lu ìlù kékeré lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n dúró. Àwọn káfíńtà gan-an dá ayùn dúró. Adéníkẹ́ ń retí, ẹ̀yìn rẹ̀ le gbagidi. Òógùn nìkan ló sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.

Ó tún lù ú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ ń ta jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Amirah," ló fi ahọ́n gígé wí, "awọ ẹ̀ ti ya. Èló ni jálẹ̀?"